Ojúlówó Ni Oògùn Náà, Ẹ̀fọn Ló Yí Padà

Ẹjọ́ kan wà tí gbogbo Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti dá tán láìpe ẹlẹ́rìí kankan. Ènìyàn fín oògùn ẹ̀fọn sí yàrá ní aago méje alẹ́, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó síta kí òórùn rẹ̀ lè rọlẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀gànjọ́, ẹ̀fọn ti ń kùn ún létí. Ilẹ̀ mọ́, ó fi ẹjọ́ sun aládùúgbò, ìdáhùn kò sì ju gbólóhùn kan lọ: "Fèkì ni wọ́n tà fún yín." Tíṣà ń wí i, télọ̀ ń wí i, àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀wà lójà ń wí i, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì pẹ̀lú. Wọ́n ní àwọn tó ń pò ó ti fi omi lù ú. Wọ́n ní ti àtijọ́ ló dára. Wọ́n ní bí kò bá ṣe èyí tí èèyàn ẹni fọwọ́ ara rẹ̀ gbé wá láti Abidjan, kí onítọ̀hún má fi owó rẹ̀ ṣòfò.

Mo ta ko ẹjọ́ yìí látòkè délẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, oògùn yẹn kò ṣẹ̀ wá rárá. Inú ara ẹ̀fọn ni nǹkan ti yí padà, nínú purotéènì kan tó wà lára sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára rẹ̀. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé àwa fúnra wa la ṣa irú ẹ̀fọn bẹ́ẹ̀ jọ, à ń ṣà wọ́n jọ títí di alẹ́ àná, nítorí pé fèkì tí à ń pariwo kò jẹ́ ká wo ibi tó yẹ ká wò.

N kò sọ pé ayédèrú kò sí nílẹ̀ yìí o. Ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà? Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà láti mọ̀ bóyá oògùn ni kò lágbára tàbí ẹ̀fọn ló le. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló là á sílẹ̀, kò sì ju ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kan lè ṣe lọ. Á mú ìgbákọ àti ike lọ sídìí omi òjò tó dá rogún: ojú ẹsẹ̀ màlúù, tàbí kòtò tí táyà ọkọ̀ gbẹ́ sí ọ̀nà oko. Á wá tanwíjí ibẹ̀. Ti ẹ̀fọn oníbà kì í dorí kodò nínú omi bíi ti àwọn yòókù. Ńṣe ló ń nà gbalaja sójú omi, bí òjìji ènìyàn bá sì kàn án, á sá lọ sísàlẹ̀ omi. Á kó wọn wálé, á máa fún wọn lóúnjẹ títí wọn yóò fi hu ìyẹ́. Nígbà tí àwọn abo bá pé ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, tí wọn kò tíì mu ẹ̀jẹ̀, á kó bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sínú ọ̀pá ike tí wọ́n fi bébà olóògùn tẹ́ nínú. Bó bá jẹ́ permethrin ni oògùn orí bébà náà, ìdá 0.75 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Bó bá jẹ́ deltamethrin, ìdá 0.05. Wákàtí kan ni wọ́n á fi wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà á fẹ́ wọn sínú ọ̀pá tí kò ní oògùn, á fi òwú tí wọ́n rẹ sínú omi ṣúgà lé e fún wọn, á sì ka òkú lẹ́yìn wákàtí 24. Bí òkú bá tó 98 nínú ọgọ́rùn-ún, oògùn ṣì ń ràn wọ́n. Bí kò bá tó 90, wọ́n ti le nìyẹn.

Ibi tí ẹjọ́ fèkì ti wó lulẹ̀ nìyí. Àwọn yàrá àyẹ̀wò ń sin ìran ẹ̀fọn kan tí wọ́n mú láti Kisumu ní Kẹ́ńyà ní ọjọ́ pípẹ́ sẹ́yìn, ìran tí kò mọ ohunkóhun nípa oògùn ẹ̀fọn. Bébà kan náà, wákàtí kan náà: àwọn ará Kisumu á kú pátá, àwọn tí wọ́n mú láti ojú ẹsẹ̀ màlúù á dìde, wọ́n á mu omi ṣúgà wọn. Bó bá jẹ́ pé oògùn orí bébà ni fèkì, báwo ló ṣe pa ti Kisumu?

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ọmọ Èjìgbò ju ẹlòmíràn lọ, nítorí ojú ọ̀nà tiwa gan-an ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn bàbá wa ti ń gba Kutonu, Lomé àti Accra lọ sí Côte d'Ivoire. Owó sẹ́fà kì í ṣe àjèjì lójà wa, ọmọ tó bá wá kí ìyá àgbà nígbà ọdún sì lè fi Faransé dáhùn kó tó rántí pé Èjìgbò ni òun wà. Ní Bouaké, ní àárín orílẹ̀-èdè yẹn, àwọn onímọ̀ kéde ní ọdún 1993 pé Anopheles gambiae, ẹ̀fọn tó ń kó ibà ràn wá, kò bẹ̀rù oògùn ìdílé permethrin mọ́. Ìlú olówùú ni agbègbè náà, ọdọọdún ni wọ́n sì ń fín apakòkòrò sí òwú. Ní ọdún 1998 ni ìwádìí lórí ẹ̀fọn Côte d'Ivoire àti Burkina Faso tọ́ka sí ibi gan-an tí purotéènì náà ti yí padà. Nígbà tó di ọdún 2002, Samson Awolola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde pé ẹ̀fọn ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín náà ti le.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn máa sọ báyìí: àwọn ará Abidjan ló kó o wálé! Rárá o. Àyẹ̀wò àbùdá ti fi hàn pé àyípadà yìí ṣẹlẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níbi púpọ̀ ní Áfíríkà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ìran ẹ̀fọn méjì tó jọra, Anopheles gambiae àti Anopheles coluzzii, tún máa ń bá ara wọn gùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìran kan sì gba agbára náà lọ́wọ́ ìkejì. Ẹni tó bá fẹ́ dá arìnrìn-àjò lẹ́bi, kó wá ẹjọ́ mìíràn.

Purotéènì tí mò ń wí kì í ṣe ti ẹ̀wà àti ẹyin tí wọ́n ní ká máa fún ọmọ jẹ. Irú èròjà kan náà ni wọ́n, iṣẹ́ wọn ló yàtọ̀. Èyí jẹ́ ilẹ̀kùn tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára. Sodium, èròjà inú iyọ̀ ọbẹ̀, ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, sodium á ya wọlé, iná kékeré kan á sáré gba orí iṣan náà kọjá. Bó ṣe ń ṣí ló ń tì, kíá. Iná yẹn ló ń gbé ìyẹ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀fọn, òun ló ń mú un yà sọ́tùn-ún tàbí sósì nígbà tó bá gbóòórùn ènìyàn lójú wíńdò. Permethrin àti àwọn ẹbí rẹ̀, tí wọ́n wà nínú nẹ́ẹ̀tì, nínú kọ́ìlì àti nínú agolo tí à ń fín, ń lọ há sẹ́nu ilẹ̀kùn yìí, kò ní lè tì mọ́. Iná á wá máa jó láìdákẹ́. Ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n, ìyẹ́ á máa lù láìlétò, ẹ̀fọn á ṣubú sílẹ̀. DDT tí àwọn bàbá wa mọ̀ náà, ibẹ̀ gan-an ló ń há sí. Ilẹ̀kùn ti àwa èèyàn kò rí bíi ti kòkòrò, ara tiwa sì ń tètè tú oògùn náà ká. Ìdí nìyẹn tí a fi lè sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì olóògùn.

Èròjà kéékèèké tí wọ́n ń pè ní amino acid, tó lé ní 2,000, ló so kọ́ra tó di ilẹ̀kùn náà. Nípò 1014, leucine ló yẹ kó wà. Lára ẹ̀fọn tó le ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, phenylalanine ni wọ́n bá níbẹ̀; ní Kẹ́ńyà, serine. Ẹyọ kan péré nínú ohun tó lé ní 2,000, oògùn kò ríbi há sí dáadáa mọ́. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní kdr. Ara eṣinṣin ilé ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ irú rẹ̀, láyé DDT, kí permethrin tó dé rárá. Ọdún 1973 ni Michael Elliott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Rothamsted, ní Ìlú Ọba, ṣe permethrin jáde. Ilẹ̀kùn tí ẹ̀fọn máa fi là á kọjá ti ń dúró dè é.

Ẹgbẹ́ kejì tún wà, àwọn tí kò gbà pé fèkì ni. Tiwọn ni pé oògùn náà ti mọ́ ẹ̀fọn lára, pé ẹ̀fọn òde òní gbọ́n. Ó dùn ún gbọ́, ó dà bí ìmọ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọn kì í pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀ tí ohun kan máa fi mọ́ ọn lára. Abo tó bá lo oṣù kan ti di àgbà láàárín wọn. Kò kọ́ ohunkóhun. Bí wọ́n ṣe bí i ló ṣe wà. Kí kdr tó lè gba ẹ̀fọn sílẹ̀ dáadáa, ẹ̀fọn náà gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ bàbá kó tún gbà á lọ́wọ́ ìyá. Èyí tó bá rí ẹyọ kan gbà, oògùn ṣì ń rí i mú. Ní alẹ́ tí a bá fín oògùn, àwọn tó ní ilẹ̀kùn àtijọ́ kú, àwọn tó ní tuntun yè, àwọn náà ló máa yé sínú kòtò ẹ̀yìnkùlé. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ wọn ti ń fò. Ẹ tún fín in, ẹ tún ṣà wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ara yín: ta ló ń yan àwọn òbí fún ẹ̀fọn àdúgbò?

Kì í sì ṣe yàrá nìkan ni. Àgbẹ̀ tó ń fín cypermethrin sí ẹ̀wà àti tòmátò lápá Ifẹ̀-Òdàn tàbí Ìlawó, tó wá lọ fọ ike ẹ̀yìn rẹ̀ sínú odò, ń fi oògùn ìdílé kan náà kọ́kọ́ ṣa tanwíjí kí wọ́n tó hu ìyẹ́. Nígbà tí ẹ̀fọn náà bá fi wọlé wá bá a lálẹ́, ó ti gba ìdánwò kọjá. Ìtàn yìí kò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní ìwọ̀ oòrùn Ṣókótó àtijọ́, wọ́n fín dieldrin sílé láti fi lé ibà jáde, ìròyìn sì jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní ọdún 1956 pé Anopheles gambiae ibẹ̀ kò kú mọ́. Purotéènì mìíràn ni dieldrin ń bá jà, ara sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára náà ló sì wà. Gammalin 20, apakòkòrò táwọn àgbẹ̀ kòkó mọ̀ bí ẹni mọ owó, purotéènì yẹn kan náà ló ń kọlù. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà níbí ni Áfíríkà ti kọ́kọ́ rí irú èyí lára ẹ̀fọn oníbà. Kí la wá fi àádọ́rin ọdún kọ́?

Ohun tí a kọ́ ni láti wá èyí tó le jù. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ fèkì ti ń di ewu gidi, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán mọ́. Ẹni tó bá gbà pé wọ́n ti fi omi lu oògùn rẹ̀ á ṣe ohun méjì: á po ìlọ́po, tàbí á lọ ra dichlorvos, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Sniper, tàbí otapiapia inú ìgò tí kò lórúkọ. Ẹ lọ sí ìsọ̀ tó ń ta á kí ẹ gbọ́. "Màmá, ẹ fi èyí sílẹ̀, orijinà nìyí. Ẹ kan sọ́ díẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì." Oògùn oko ni! NAFDAC mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2019 ló ní kí wọ́n yé ta ìgò kékeré rẹ̀ ní sùpámákẹ́ẹ̀tì. Dichlorvos kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ilẹ̀kùn sodium. Purotéènì mìíràn ló ń mú, acetylcholinesterase, èyí tó ń gbá èròjà tí iṣan kan fi ń ránṣẹ́ sí ìkejì kúrò lójú ọ̀nà lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti jẹ́. Bí kò bá sí ẹni tó gbá a, iṣẹ́ náà á máa jẹ́ ara rẹ̀ lájẹ̀ẹ́túnjẹ. Ẹ̀fọn á gan, á kú. Àmọ́ àwa náà ní acetylcholinesterase, tiwa kò sì mọ bó ṣe máa sá fún un. Itọ́ tó ń dà lẹ́nu ọmọ tó fa òórùn rẹ̀ símú, èémí tó ń há, ara tó ń gbọ̀n: nǹkan kan náà tó ń ṣe ẹ̀fọn lórí ilẹ̀ ló ń ṣe ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀fọn tún ti wá ọ̀nà gba ẹ̀yìn èyí náà. Lára acetylcholinesterase rẹ̀, nípò 119, serine ti gba ipò glycine lára àwọn kan ní Côte d'Ivoire àti ní Benin. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí. Àyípadà yìí ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ní in: nínú ìwádìí Luc Djogbénou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀fọn, àwọn tó gbà á lọ́wọ́ bàbá àti ìyá ń kú ju àwọn yòókù lọ kí wọ́n tó hu ìyẹ́, láìsí oògùn kankan níbẹ̀. Ìyẹn ni pé bí a bá gbé oògùn náà kúrò nílé, ẹ̀fọn tó gbé ẹrù yìí kò ní lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Alẹ́ kọ̀ọ̀kan tí a bá ń sọ dichlorvos sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni à ń bá a gbé ẹrù náà.

Àwọn mìíràn gbọ́ gbogbo èyí, wọ́n wá gba ọ̀nà tó rọrùn: bó bá rí bẹ́ẹ̀, nẹ́ẹ̀tì kò wúlò nìyẹn, ẹ jẹ́ ká fi bo ohun ọ̀gbìn tòmátò. Ẹ rọra. Ìṣirò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2015 fi hàn pé láti ọdún 2000, ìgbìyànjú lòdì sí ibà ti dènà bíi mílíọ̀nù 663 àìsàn ibà ní Áfíríkà, nẹ́ẹ̀tì olóògùn nìkan ló sì ni ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Àárín ìgbà tí kdr ti wà nílẹ̀ náà nìyẹn. Ìdí kan tó ya èmi alára lẹ́nu ni ti ìwà ẹ̀fọn. Èyí tó ní ilẹ̀kùn àtijọ́, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kan nẹ́ẹ̀tì, oògùn á ta á, á fò lọ kíá. Èyí tó ní kdr kì í tètè mọ ìta yẹn, nítorí iṣan tó yẹ kó sọ fún un kò gbọ̀n tó. Á dúró sí i, á máa rìn lórí rẹ̀, á máa wá ojú ihò, á sì fi bẹ́ẹ̀ máa kó oògùn jọ sẹ́sẹ̀. Nínú àwọn ilé àyẹ̀wò tó wà lẹ́bàá Bouaké, nẹ́ẹ̀tì permethrin ṣì rí púpọ̀ nínú wọn pa. Ohun tó gbà á lọ́wọ́ ikú náà ló mú un pẹ́ níbi ikú. Bí nẹ́ẹ̀tì bá wá ya, ọ̀rọ̀ di òmíràn: ẹ̀fọn tí ara kò ta máa ráàyè wá ihò títí á fi rí i. Abẹ́rẹ́ àti òwú wúlò ju ìgò dichlorvos lọ.

Nítorí pé mo ti dárúkọ ìwà, ẹ jẹ́ kí n ba ọ̀rọ̀ kan tí àwọn èèyàn fẹ́ràn jẹ́. "Ẹ̀jẹ̀ mi ló dùn, ìdí nìyẹn tí ẹ̀fọn fi ń bá mi jà." Ẹ̀fọn kò tíì tọ́ ẹ̀jẹ̀ yín wò tó fi yàn yín. Orí ìwo rẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì iṣan tó ń gbóòórùn wà, purotéènì sì wà lára wọn tó ń di òórùn kọ̀ọ̀kan mú. Ọ̀kan nínú wọn, AgOR1, ń di èròjà kan tó wà nínú òógùn èèyàn mú. Ara abo nìkan ni wọ́n ti rí i, abo nìkan ló sì ń mu ẹ̀jẹ̀. Bó bá ti mu àmuyó, kó tó pé ọjọ́ kan, purotéènì yìí á ti dínkù lórí ìwo rẹ̀. Ẹ̀fọn tó fara mọ́ ògiri láàárọ̀, tó wú, tí kò tún wo ọ̀dọ̀ yín mọ́, kì í ṣe pé ó ti tẹ́ ẹ lọ́rùn nìkan.

Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ mi lódì ṣá. N kò ní purotéènì kan ló ń darí gbogbo ohun tí ẹranko ń ṣe. Ebi wà níbẹ̀, ooru wà níbẹ̀, òkùnkùn wà níbẹ̀. Kdr pàápàá kì í ṣe gbogbo ẹjọ́. Àwọn ẹ̀fọn kan ní purotéènì mìíràn lára tó ń jẹ oògùn tán kó tó dé orí iṣan. Nítorí àwọn yẹn ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe fọwọ́ sí nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi PBO sí ní ọdún 2017. PBO kì í pa ẹ̀fọn. Ohun tó ń jẹ oògùn ló ń dí lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká yé béèrè bóyá orijinà ni. Ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí kọ́ìlì yín bá jẹ́ ìdílé permethrin, tí agolo yín jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí nẹ́ẹ̀tì yín jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí oògùn ẹ̀wà lóko náà jẹ́ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń kàn, ẹ̀fọn sì ti pààrọ̀ rẹ̀. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Èjìgbò níbí. Ìgbákọ, ike àti bébà olóògùn kò kọjá agbára wọn. Kí wọ́n dán ẹ̀fọn Èjìgbò, Máṣífà àti Ọ̀lá wò lọ́dọọdún, kí wọ́n lẹ èsì mọ́ ara ògiri ọjà, kí ẹni tó ń pín nẹ́ẹ̀tì mọ èyí tó yẹ kó gbé wá.

Èyí tó yẹ kó gbé wá kò sì jìnnà. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí nẹ́ẹ̀tì tó da oògùn ìdílé permethrin pọ̀ mọ́ chlorfenapyr. Chlorfenapyr kò bá iṣan ìmọ̀lára ní nǹkan ṣe rárá. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń dá agbára fún ara ló ń bà jẹ́, ìdí nìyẹn tí kdr kò fi lè gba ẹ̀fọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ní agbègbè Covè ní Benin, níbi tí ẹ̀fọn ti le gan-an, ó dín àìsàn ibà àwọn ọmọdé kù ní ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún méjì ju nẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ó ní ìṣòro kan tó jẹ́ tiwa gan-an: kì í yára pa ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn tó bà lé e lóru lè ṣì wà láàyè nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, kó rọra fò gba ojú wíńdò jáde, kó tó kú sínú igbó lọ́jọ́ kejì tàbí lọ́jọ́ kẹta. Òkú kankan kò ní sí lórí ilẹ̀ yàrá láti gbá. Bí nẹ́ẹ̀tì yìí bá dé Èjìgbò lọ́la, kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ìlú ni yóò máa pè é ní fèkì.